Rólù ọ̀rá ọdún kan: ṣé kí n rà á báyìí, àbí kí n dúró wo òfin?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àkúrẹ́ ni mo ń gbé, lọ́nà Ọ̀bà-Ilé. Ìpékeré ni mò ń dín, mo sì ń rọ sóbò sínú rọ́bà. Lóṣù tó kọjá, súpámákẹ́ẹ̀tì kan tó ń gba ọjà mi l'Ékòó bi mí pé irú ike wo ni ọ̀rá ìpékeré mi, pé ṣé ó ṣe é tún lò. N kò rí èsì kankan fọ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni ẹni tó ń bá mi tẹ ọ̀rá ní bí mo bá ra rólù tó máa tó mi lò fún ọdún kan, òun á dín owó kílò kù gan-an. Ẹ̀rù ń bà mí pé òfin á yí kí n tó lò ó dé ìdajì. Ọkọ mi ní òfin Èkó ni gbogbo èyí, kò kan ará Oǹdó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

* * *

Àbúrò mi, má tíì sanwó rólù yẹn. Ìyẹn ló ṣáájú.

Mo ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ìlú Oǹdó ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìpékeré kí n tó kó wá sí Àkúrẹ́. Ẹni tó ń tẹ ọ̀rá fún mi nígbà náà fi ẹ̀dínwó fà mí, mo sì ra èyí tí mo lè lò di ẹ̀ẹ̀mí-ìn. Oṣù márùn-ún kò pé tí a fi kó ilé iṣẹ́. Àdírẹ́sì Oǹdó ló wà lára ọ̀rá, NAFDAC kò sì ní gbà kí n máa ta ọjà tí àdírẹ́sì ara rẹ̀ kì í ṣe ibi tí mo ti ń ṣe é. Rólù tó ṣẹ́ kù gba ìdajì yàrá. Mo ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan tó ń ra láílọ́ọ̀nù ní kílò nítòsí Ìsìkàn, mo ní bí owó mi kò bá tilẹ̀ pé, màá rí díẹ̀ gbà nínú rẹ̀. Ó fa ọ̀rá náà ya, ó wo inú rẹ̀ tó ń dán bíi fàdákà, ó ní, "Màmá, a kì í ra èyí. Oríṣiríṣi ló lẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, kò ṣe é yọ́."

Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ohun tí mo fi ń di ọjà mi láti ìgbà tí mo ti ń ṣòwò. Kì í ṣe ìjọba ló sọ fún mi, kì í sì í ṣe ẹni tó ń gbowó ọ̀rá lọ́wọ́ mi. Ẹni tó ń ṣa láílọ́ọ̀nù nílẹ̀ ló sọ ọ́. Òfin kan kò sì mú mi nígbà náà o. Ọ̀rá tí mo ti tẹ orúkọ sí tí n kò rí lò ló jẹ mí lówó.

* * *

Mo ti ka èsì tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ ìbéèrè yìí. Ọ̀pọ̀ ló ní ọkọ rẹ tọ̀nà, òótọ́ sì ni, ó tọ̀nà dé ibì kan. Ohun tí Èkó kéde kò fara sin. Ní oṣù kìíní ọdún 2024 ni kọmíṣọ́nnà wọn fún ọ̀rọ̀ àyíká, Tokunbo Wahab, kéde pé wọn kò fẹ́ rí páàkì oúnjẹ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn mọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025, wọ́n fi ife ike àlòsọnù, sítírọ́ọ̀, ṣíbí àti fọ́ọ̀kì ike kún un, àti láílọ́ọ̀nù tí a fi ń kó ọjà lọ sílé tí kò bá nípọn tó 40 máíkírọ́ọ̀nù. Ọ̀rá ìpékeré kò sí nínú ohun tí wọ́n dárúkọ níbẹ̀. Ẹni tó ní kí o lọ dáná sun gbogbo ọ̀rá rẹ lónìí ń dẹ́rù bà ọ́ lásán ni, èéfín rẹ̀ pàápàá á tún pa ọ́ lára.

Ibi tí èmi àti ọkọ rẹ ti pínyà ni "kò kan ará Oǹdó" yẹn. NESREA, àjọ tó ń mójú tó òfin àyíká, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 2007, kì í ṣe ti Èkó. Ó ní ìlànà tó gbé jáde lọ́dún 2009 fún àwọn tó ń ṣe oúnjẹ, ohun mímu àti tábà, ọ̀rọ̀ pé ẹni tó ṣe ọjà kò gbọdọ̀ fọwọ́ nu ẹnu lórí ohun tí ó fi di í sì ti wà nínú ètò wọn tipẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ tún fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ jáwọ́ nínú ike àlòsọnù. Bí o bá ń gbé sóbò lọ sí ìpàdé irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ l'Álágbàká, ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ nìyẹn.

Òfin Èkó kò tilẹ̀ nílò láti wá sí Àkúrẹ́. Ọjà rẹ ló ń lọ bá a. Ẹni tó bi ọ́ léèrè ọ̀rá kì í ṣe ọlọ́pàá, oníbàárà rẹ ni, òun kò sì ní gbé ọ lọ sílé ẹjọ́. Ọjà ẹlòmíì ló máa gbé sí àyè tìrẹ.

* * *

Bàbá kan kọ ọ́ síbí pé: "Òfin ilẹ̀ yìí, ọjọ́ ni wọ́n máa ń sún. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Bàbá, ẹ kò parọ́. Ẹ wo ọtí inú ọ̀rá. Ọdún 2018 ni NAFDAC àti àwọn tó ń pọn ọ́n ti jọ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn á jáwọ́ nínú ọtí inú ọ̀rá àti ti ìgò tí kò tó 200 mílílítà. Oṣù kejì ọdún 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú un ṣẹ. Ariwo ta, wọ́n sì sún un di ìparí ọdún 2025. Lóòótọ́ ni wọ́n sún un. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú ẹni tó ni rólù wò ó. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní ó ti parí, ọ̀rá tí ó ti tẹ̀ sílẹ̀ di òkú ọjà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní ó tún kù díẹ̀, ẹni tó ti ta tirẹ̀ ní ẹ̀dínwó pátápátá ń gé ìka jẹ. Kò sí èyí tó mọ ọjọ́ nínú àwọn méjèèjì, orí ọjọ́ sì ni wọ́n fi owó wọn lé.

Ìdí tí mo fi ní kí àbúrò wa má ra ti ọdún kan nìyẹn. Kì í ṣe pé mo mọ ìgbà tí òfin ń bọ̀. Oṣù mẹ́ta ni kí ó máa rà. Bí òfin bá dé lọ́la, oṣù mẹ́ta ló máa lò tán. Bí kò bá sì dé, àfikún díẹ̀ lórí kílò ni gbogbo àdánù rẹ̀.

* * *

Ẹnìkan bínú sí mi lórí ìyẹn. Ó ní mi ò mọ iye tí wọ́n ń gbà lórí sílíńdà tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀rá, pé kò sí ẹni tó máa tẹ rólù oṣù mẹ́ta fún oníṣòwò kékeré.

Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní sílíńdà tirẹ̀. Bí àwòrán rẹ bá ní àwọ̀ méje, sílíńdà méje lo máa san. Ọ̀rá tèmi ní àwọ̀ méje nígbà kan nítorí mo fẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà máa tàn bí ẹni pé èèyàn lè fọwọ́ mú un. Mo ti sọ ọ́ di méjì báyìí: àwọ̀ ewé àti dúdú. Kò sí oníbàárà kan tó bi mí léèrè ibi tí àwọ̀ yòókù lọ. Sílíńdà tí kò pọ̀ ló jẹ́ kí n lágbára láti tẹ díẹ̀díẹ̀. Ohun kejì ni pé kí a má tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ sára ọ̀rá. Orúkọ ọjà àti àwòrán lè wà lára rólù, kí àdírẹ́sì, nọ́ńbà NAFDAC, èròjà àti ìwọ̀n wà lórí lébẹ́ẹ̀lì tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Bí nǹkan kan bá yí, lébẹ́ẹ̀lì nìkan là ń pààrọ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ bá NAFDAC o. Wọn kì í fẹ́ kí èèyàn dá àmì ara ọjà yí padà láìjẹ́ pé àwọn ti rí i. Kí lébẹ́ẹ̀lì náà sì jẹ́ irú ike kan náà pẹ̀lú ọ̀rá, nítorí bébà tó bá lẹ̀ mọ́ ike máa ń ba iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ yọ́ ọ jẹ́.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n padà sí èsì tí kò rí fọ̀ fún súpámákẹ́ẹ̀tì yẹn.

Ra ìwọ̀n kékeré oní-gíráàmù, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò, wọ́n ń tà á l'Ọ́jà Ọba. Ka ọ̀rá òfìfo ọgọ́rùn-ún, gbé e lé e, kí o pín in. Ká ní ọgọ́rùn-ún wọn jẹ́ 300 gíráàmù, ọ̀kan jẹ́ gíráàmù mẹ́ta nìyẹn. Bí o bá ń ta ẹgbàárùn-ún lóṣù, ọgbọ̀n kílò ọ̀rá lò ń kó sáyé lóṣù, 360 kílò lọ́dún. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún rọ́bà sóbò: ara rẹ̀ lọ́tọ̀, ìdérí lọ́tọ̀, ọ̀rá tó wé mọ́ ọn lọ́tọ̀. Má gbàgbé páálí àti láílọ́ọ̀nù ńlá tí o fi ń kó wọn pọ̀. Kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, kọ̀wé sí ẹni tó ń tẹ ọ̀rá fún ọ, kí ó fi èsì ránṣẹ́ ní kíkọ: ipele mélòó ló wà nínú ọ̀rá yìí, kí ni ipele kọ̀ọ̀kan, báwo ló ti nípọn tó? Ẹ̀tọ́ rẹ ni. Bí kò bá fẹ́ dá ọ lóhùn, wá ẹlòmíì.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìwọ̀n ni pé ìwọ̀n ni wọ́n sábà máa ń fi ṣírò rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó di ọjà. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń gbé gàrí lọ sí Lọ́ńdọ̀nù bèèrè lánàá ìdí tí ẹni tó ń gba ọjà rẹ̀ fi ń béèrè gíráàmù ọ̀rá. Láti oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n ti ń gba owó orí ike ìdi-ọjà n'Ílùú Ọba. Igba pọ́n-ùn lórí tọ́ọ̀nù kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, lórí ike tí àtúnlò inú rẹ̀ kò bá tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá kó tó tọ́ọ̀nù mẹ́wàá wọlé láàárín oṣù méjìlá ló kàn. Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ń gba ọjà yín ló máa sanwó bí ó bá débẹ̀. Ó ń ka gíráàmù yín mọ́ ti àwọn yòókù kí ó lè mọ ibi tí òun dé ni. Ilẹ̀ Yúróòpù náà ní òfin tirẹ̀ lórí ìdi-ọjà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù kẹjọ ọdún 2026. Bí ẹ bá ti ní ìwé ìwọ̀n yín lọ́wọ́, ìbéèrè èyíkéyìí tí wọ́n bá gbé dé, ẹ ti ní ìdajì èsì.

* * *

Sóbò wàyí. Ọ̀rọ̀ rọ́bà rọrùn ju ti ọ̀rá lọ, nítorí rọ́bà ní olùrà. Ẹ lọ wo ọ̀nà Ìgbátòrò níbi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí, ẹ ó rí àwọn tó ń ṣa á. Mo lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo dúró ti obìnrin kan tó ń yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Rọ́bà funfun tó mọ́ gaara wà lápá kan, aláwọ̀ wà lápá kejì, òun kò sì bìkítà fún aláwọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó mú ìgò kan tí ọ̀rá aláwọ̀ mèremère wé láti ọrùn dé ìdí, ó fi ọ̀bẹ ya á dànù kí ó tó jù ú sápò. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní bí ọ̀rá yẹn bá wà lára rẹ̀, ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ òun á yọ kílò kúrò.

Ìdí wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá gé rọ́bà wẹ́wẹ́ tán, omi ni wọ́n ń dà á sí. Ìdérí máa ń léfòó, ara rọ́bà fúnra rẹ̀, PET tí àmì rẹ̀ jẹ́ 1, máa ń rì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yà wọ́n. Tí ọ̀rá tó wé mọ́ ọn bá jẹ́ PVC, irú ike mìíràn tí àmì tirẹ̀ jẹ́ 3, yóò bá PET rì. Omi kò ní lè yà wọ́n. Nígbà tí iná bá sì gbóná tó èyí tó máa yọ́ PET, PVC á ti jó, á sì sọ gbogbo rẹ̀ di pípọ́n.

Nítorí náà, àbúrò mi, rọ́bà funfun gaara ni kí o lò, kí o lẹ lébẹ́ẹ̀lì kékeré tó ń léfòó mọ́ ọn, kí o má wé e. Sóbò pupa. Àwọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń pe oníbàárà. Kí lo tún fẹ́ fi ọ̀rá bò mọ́lẹ̀ sí?

* * *

Àwọn méjì gba ìhà kan náà: ọ̀kan ní kí a ra "láílọ́ọ̀nù tó ń jẹrà", èkejì ní kí a padà sí ewé.

Mo bẹ̀ yín, ẹ ṣọ́ra fún èyí àkọ́kọ́. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ jẹ́ láílọ́ọ̀nù lásán tí wọ́n po oògùn kan mọ́ kí ó lè máa fọ́ sí wẹ́wẹ́. Kò jẹrà, ó kàn kéré débi tí ojú kò fi rí i mọ́ nínú ilẹ̀ àti nínú omi ni. Ilẹ̀ Yúróòpù ti fòfin de irú rẹ̀ láti ọdún 2021. Èyí tí wọ́n fi àgbàdo ṣe náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó nílò ilé ìjẹrà tó gbóná tó nǹkan bí ọgọ́ta dígírì kí ó tó lè jẹrà kíákíá. Nínú gọ́tà Àkúrẹ́, ike ni yóò máa jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní ti ewé, ọkàn mi wà níbẹ̀. Ewé eéran ni ìyá mi fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, gbòdògì ni a sì fi ń di obì kí ó má bàa gbẹ. Ẹni tó ń ta mọ́ínmọ́ín tàbí ẹ̀kọ l'Ákùúrẹ́ lónìí tó sì ti fi ike rọ́pò ewé, mo rọ̀ ọ́ kí ó padà, owó ewé kò tó owó ike bí ó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń já a. Ṣùgbọ́n ìpékeré kò lè gbé inú ewé. Atẹ́gùn á wọ̀ ọ́, á rọ̀, òróró inú rẹ̀ á sì kan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, òróró, gáàsì àti iṣẹ́ ọwọ́ tó bà jẹ́ nínú páálí kan tún ju ọ̀rá tí a fẹ́ yẹra fún lọ.

* * *

Sí ẹni tó ní òun ti rí láílọ́ọ̀nù àtúnlò tó pọ́ọ́kú, pé ṣé òun lè fi di ìpékeré: rárá o. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó di yíyọ́, ó sì lè jẹ́ oògùn ẹ̀fọn. Fi ṣe àpò tí o fi ń kó páálí, tàbí rọ́bà ọṣẹ olómi. Má jẹ́ kí ó kan oúnjẹ.

* * *

Èyí tó fa àríyànjiyàn jù ni ti owó tí a ó fi kó ike padà nílẹ̀. "Àwọn ńláńlá tó ń ṣe mínírà àti bíà ló kún gọ́tà. Àwọn ni kí wọ́n kó o."

Wọ́n ti ń ṣe díẹ̀. FBRA ni orúkọ ẹgbẹ́ tí irú Coca-Cola, Nestlé àti Nigerian Breweries jọ wà nínú rẹ̀ fún kíkó ike padà. Mo gbà pé kí owó ẹni tó ń kó ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù sáyé má dọ́gba pẹ̀lú tèmi tí n kò kó tó ìdajì tọ́ọ̀nù lọ́dún. Bí ìjọba bá gbé òfin wá tí kò wo ìwọ̀n, èmi náà á wà lára àwọn tó máa lọ bá wọn. Èmi kò sì ní lè bá wọn jà bí n kò bá mọ ìwọ̀n tèmi, ẹ̀yin náà kò ní lè ṣe é.

Ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé kò kàn mí. Lọ́dún kan tí odò Àlà kún bo bèbè, lẹ́yìn tí omi fà, mo bá àwọn ará àdúgbò kó gọ́tà. Mo fi ọkọ́ fa ìdọ̀tí jáde, mo sì rí ọ̀rá ìpékeré. Orúkọ mi ló wà lára rẹ̀, pẹ̀lú àdírẹ́sì Oǹdó yẹn. Ó ti pé ọdún bíi mélòó kan tí mo ti tà á. Inú rẹ̀ ṣì ń dán. Mo dúró síbẹ̀, n kò lè sọ̀rọ̀.

Ẹ rántí pé àwa náà mọ dídá nǹkan padà tẹ́lẹ̀. Kò sí ọmọ tí wọn kò rán lọ ra mínírà láyé ijọ́un tí wọn kò kìlọ̀ fún pé kó má fọ́ ìgò, torí owó ìgò wà nílẹ̀. Mo dán an wò pẹ̀lú ìgò gíláàsì. Yàrá àwọn olùkọ́ ilé ìwé kan ni mo ń gbé sóbò lọ lójoojúmọ́, ìgò fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọnù níbẹ̀, nítorí àwọn kan náà ló ń mu ún. Mo gbé e lọ sí gáréèjì, mo pàdánù gbogbo ìgò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èrò ọkọ̀ á rà á, ó di Iléṣà. Ibi tí ẹ ti mọ ẹni tó ń mu ún ni kí ẹ lo ìgò. Kí ẹ sì ní ibi tí ẹ ó ti máa fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi gbígbóná, NAFDAC á fẹ́ rí i.

* * *

Àbúrò mi ti padà wá. Ó ní gíráàmù mẹ́rin ni ọ̀rá òun, pé ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ti fi èsì ránṣẹ́: ipele mẹ́ta, PET níta, ipele fàdákà láàárín, PE (irú ike tí wọ́n fi ń ṣe láílọ́ọ̀nù) nínú. Ó ní ọkùnrin náà sọ pé òun lè ṣe èyí tí gbogbo ipele rẹ̀ jẹ́ irú ike kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní PP, PP lórí PP, pé kò ní dán bíi fàdákà, kò sì ní pa ìpékeré mọ́ tó ti àtijọ́. Ó wá béèrè: ṣé kí òun yí i?

Dán an wò kí o tó yí i. Sọ fún un kó fún ọ ní ọ̀rá PP tí kò ní ìtẹ̀ lára, bí igba péré. Dín ìpékeré lọ́jọ́ kan náà, rọ ìdajì sínú ti àtijọ́, rọ ìdajì sínú èyí. Gbé méjèèjì sórí àtẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí iná ń tàn sí, má ṣe gbé e sí yàrá òkùnkùn, torí ìmọ́lẹ̀ wà lára ohun tó ń jẹ́ kí òróró kan. Máa tú ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹlòmíì tó yàtọ̀ sí ọ tọ́ ọ wò, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Tèmi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kó tó yàtọ̀, mo sì gé ọjọ́ ìparí kúrú, mo ń gbé ọjà lọ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù dípò ẹ̀ẹ̀kan. Tìrẹ lè má rí bẹ́ẹ̀, òróró wa lè má jẹ́ ọ̀kan náà.

Títí ìyẹn á fi parí, ra rólù àtijọ́ tó máa tó ọ lò fún oṣù mẹ́ta, má ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún súpámákẹ́ẹ̀tì lésì lónìí: ipele mẹ́ta ni, gíráàmù mẹ́rin ni, kò tíì ní olùrà àtúnlò, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò irú mìíràn. Èsì yẹn tó.

Tí o bá ti ní àṣẹ́kù ọ̀rá PP, má dà á nù. Olùrà kì í wá nítorí ọgbọ̀n kílò. Àwa mẹ́rin ló ń kó tiwa jọ sí ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá Ìsìkàn báyìí, tí ó bá kún àpò ńlá mẹ́wàá, à ń pe ọkùnrin tó kọ̀ mí lọ́jọ́ sí yẹn. Ó ń rà á. Fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi, màá júwe ibẹ̀ fún ọ.